Alágbàfọ̀ Tó Fọ Àbàtà

Láràárọ̀, kí ìyá àgbà tó fọwọ́ kan ọṣẹ, ó máa ń so ìnujú funfun kan mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Á ṣí ẹ̀rọ náà díẹ̀, á jẹ́ kí omi gba inú ìnujú kọjá sínú garawa, lẹ́yìn náà á tì í, á tú ìnujú náà, á tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á sì kọjú rẹ̀ sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Bí ó bá ṣì funfun, á ní, “Omi ti jí.” Bí ó bá ti pọ́n, á ní, “Kò tíì jí,” á sì jókòó sórí àpótí rẹ̀, á máa dúró. Bó ti wù kí iṣẹ́ pọ̀ tó, kì í rẹ aṣọ funfun sínú omi tí kò tíì jí.

Òun ni ìyá tó bí ìyá mi. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ìwé girama, nítorí ilé rẹ̀ ló sún mọ́ ilé ìwé wa jù. Alágbàfọ̀ ni. Lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, nínú àgbàlá kan náà tó ti ń ṣe é títí dòní. Ọpọ́n sìmẹ́ńtì mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀kan fún rírẹ, ọ̀kan fún fífọ̀, ọ̀kan fún ṣíṣàn. Okùn ìsáṣọ gba orí wọn kọjá láti ògiri dé ògiri, áyọ́ọ̀nù sì wà lórí tábìlì nínú yàrá tó kọjú sí àgbàlá, níbi tí kò sí eruku. Ilé náà kéré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀ á kọ́kọ́ wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ ná. Fínnífínní ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà ní òdìkejì títì, máa ń sọ pé bí ejò bá fẹ́ wọ yàrá ẹ̀gbọ́n òun, ẹ̀gbọ́n òun á ní kó nu ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó wọlé.

Nínú ọpọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọpọ́n rírẹ ni kì í fi ṣeré. Bí aṣọ àti ọṣẹ bá ti wọ inú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Tó bá di àárọ̀, ìhó ọṣẹ á ti kú, omi orí rẹ̀ á ti ṣú, á máa rùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí á ti fi ara aṣọ sílẹ̀, á ti lọ sùn sí ìsàlẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan fi igi ro ọpọ́n náà nígbà kan nítorí pé ó ń kánjú. Ìyá àgbà gbá a lọ́wọ́, ó sì ní kó lọ jókòó kó máa wo omi náà títí á fi tòrò padà. Ọmọ náà jókòó títí oorun fi gbé e.

Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló fi kọ́ ilé lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú, òun ló fi rán ìyá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ níwèé, òun náà ló sì fi ń rán èmi. Aṣọ funfun ni gbogbo wọn. Ó máa ń ká wọn débi pé ìgun wọn á bára mu bí ojú ìwé, àwọn nọ́ọ̀sì sì máa ń sọ pé ó ń ṣe wọ́n bí ẹni pé kí àwọn má tú u.

Omi ìlú wa, láti inú odò kan ló ti ń wá. Lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú ni odò náà ti ń sun. Ó gba inú igbó kọjá, ó wọ àbàtà kan, kó tó dé ibi tí ilé iṣẹ́ omi ti ń fà á sínú páìpù. Ìyá àgbà sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, igbó yẹn ṣú débi pé bí òjò bá dá nínú ìlú, ó ṣì máa ń kán lábẹ́ àwọn igi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Àwọn kan dáko dé etí odò gan-an, àwọn kan sì ń gbẹ́ amọ̀ bíríkì létí àbàtà. Bí òjò bá ti rọ̀, gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìhòòhò yẹn á ṣàn wọ odò, omi ẹ̀rọ á wá dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ilé iṣẹ́ omi ń da álọ́ọ̀mù sí i kí ẹrẹ̀ lè rì, wọ́n tún ń da oògùn apakòkòrò sí i, ṣùgbọ́n bí ẹrẹ̀ bá pọ̀ ju agbára ẹ̀rọ asẹ́ wọn lọ, yóò jáde. Ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, omi kì í jí títí ọ̀sán á fi pọ́n. Nígbà mìíràn kì í jí rárá, aláìsàn kò sì lè máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ìhòòhò títí omi á fi jí; irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nìkan ló máa ń di dandan fún un láti fi omi tí kò jí fọ aṣọ funfun.

Ní ìparí òjò ọdún kan, nọ́ọ̀sì àgbà wá sílé wa fúnra rẹ̀. Obìnrin tó ga ni, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan yọ nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì áyọ́ọ̀nù. Àárín rẹ̀ ti pọ́n bí ibi tí wọ́n gbé ìkòkò lé.

Ó ní, “Màmá, mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún yín. Ilé ìfọṣọ ẹlẹ́rọ kan ti ṣí lódìkejì ìlú, wọ́n ní kànga tiwọn. Bí òjò tó ń bọ̀ bá tún sọ aṣọ dà báyìí, àwọn ni màá kó o fún. Aláìsàn tó bá rí èyí, á rò pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ni.”

Ìyá àgbà ní, “O ò ṣẹ̀ mí.” Ó ká aṣọ náà, ìgun sí ìgun, bí ẹni pé ó mọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ilé iṣẹ́ omi pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn ilé ìwé wa. Obìnrin kan ni wọ́n rán sí wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tọ ipa odò látòkè délẹ̀, bàtà rọ́bà tó ga dé orúnkún ló sì máa ń wọ̀. Ó wọ̀ ọ́ wá sí ìpàdé náà. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ìlú ti ń pè é ní Oníbàtà Rọ́bà. Ìyá àgbà jókòó níwájú, ó sì ń wo ẹrẹ̀ tó wà lára bàtà yẹn ní gbogbo ìgbà tí obìnrin náà fi ń sọ̀rọ̀.

Ohun tó sọ kò ṣòro. Ó ní ẹ̀rọ asẹ́ ti dàgbà. Àwọn lè ra òmíràn tó tóbi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ á kún òun náà. Àwọn sì lè fi owó yẹn ṣiṣẹ́ lórísun odò: kí wọ́n san nǹkan fún àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n lè fà sẹ́yìn kúrò létí omi, kí wọ́n gbin igi síbi tí igbó wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n wá ibòmíràn fún àwọn oníbíríkì, kí àbàtà lè padà sí bó ṣe wà. Ìyẹn ni ilé iṣẹ́ omi fẹ́ ṣe, díẹ̀ á sì lé lórí owó omi ilé kọ̀ọ̀kan.

Àwọn èèyàn kùn. Ọkùnrin kan tó ń ta fóònù béèrè bóyá ewé ni wọ́n fẹ́ kí àwọn máa mu báyìí. Àbúrò ìyá àgbà dìde, ó ní òun ti jẹun lára igi láti kékeré, ó tọ́ kí òun náà bọ́ igi díẹ̀ kí wọ́n má baà pe òun lẹ́jọ́ lọ́run. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà sì sọ pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ariwo lọ sílẹ̀.

Ìyá àgbà nawọ́. N kò tíì rí i kó sọ̀rọ̀ láwùjọ rí. Ó béèrè bóyá omi á ti tòrò kí òjò tó ń bọ̀ tó dé.

Oníbàtà Rọ́bà ní, “Màmá, mi ò ní parọ́ fún yín. Igi ò lè yára tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àbàtà ṣì wà níbẹ̀. Tá a bá gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń gbẹ́ ẹ, ó lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀ kí òjò ọ̀hún tó dé.”

Díẹ̀ yẹn ni ìyá àgbà gbé lọ sílé. Ìlú gbà láti san owó náà, ilé iṣẹ́ omi sì pín etí odò fún àwọn tó ń lo omi jù, kí oníkálukú máa ṣọ́ apá tirẹ̀. Àwọn alágbàfọ̀ bẹ̀bẹ̀ fún àbàtà, nítorí òun ló wà lókè ibi tí páìpù ti ń fa omi, wọ́n sì fi ìyá àgbà ṣe olórí wọn.

Mo bá wọn lọ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ wò ó. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ mì. Eèsún ga ju èèyàn lọ. Ojú oró àti òṣíbàtà bo omi débi pé a kò rí omi náà, ewé jíjẹrà wà lábẹ́ wọn, gbogbo rẹ̀ sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sínú garawa. Ìyá àgbà fi etí ìró di imú, ó sì wo ibẹ̀ bí ẹni tó ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíràn. Oníbàtà Rọ́bà fi ààlà hàn wọ́n. Ó ní kí wọ́n má gbà fún ẹnikẹ́ni láti gbẹ́ amọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí màlúù wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ó gun òkè lọ bá àwọn tó ń gbin igi. Ó ní ibẹ̀ ni òun á wà títí òjò á fi dé.

Nígbà tó lọ tán, ìyá àgbà yíjú sí àwọn alágbàfọ̀ yòókù.

Ó ní, “Inú ìdọ̀tí yìí ni omi tí mo fi ń fọ aṣọ aláìsàn ń gbà kọjá. Kò burú. Ẹ lọ mú àdá wá.”

Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ náà, ní àwọn ọjọ́ tí aṣọ bá wà lórí okùn. Kò sí ẹni tó rò pé ó lòdì. Bí alágbàfọ̀ bá rí ibi tó dọ̀tí, kí ló tún kù? Wọ́n gé eèsún mọ́lẹ̀. Wọ́n fa ojú oró àti òṣíbàtà tu, wọ́n kó wọn jọ bí òkìtì aṣọ ìdọ̀tí. Wọ́n kó ẹrẹ̀ dúdú kúrò, wọ́n wa gọ́tà tó tọ́ gbọnrangandan láti òkè àbàtà dé ìsàlẹ̀, kí omi lè rí ọ̀nà gbà. Àbúrò ìyá àgbà kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà náà ní ọ̀tún àti òsì. Ó ń ráhùn ní gbogbo ìgbà tó fi ń kàn án, ó ní àga ni òun kọ́, òun ò kọ́ odò. Nígbà tí wọ́n parí, ibẹ̀ mọ́ bí àgbàlá wa. Wọ́n gbá etí rẹ̀ pàápàá.

Ìyá àgbà so ìnujú mọ́ orí igi kan, ó tì í bọ inú gọ́tà náà. Bó ti funfun wọ inú omi ló funfun jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó gba ilé ìwòsàn lọ, ó fi ìnujú náà han nọ́ọ̀sì àgbà, ó sì ṣèlérí fún un pé òjò tó ń bọ̀ kò ní sọ aṣọ kankan dà.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ fún odidi òru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ìyá àgbà nígbà tó tú ìnujú kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ. Kò pọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó dúdú. Ẹrẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó ṣeé fi ìka ha. Ó fọ̀ ọ́, ó tún un so. Ó tún dúdú. Kò sọ pé omi kò tíì jí. Ó wọ bàtà, ó sì gba ọ̀nà àbàtà lọ.

A bá Oníbàtà Rọ́bà níbẹ̀. Òun náà ti rí omi, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Ó dúró sí etí gọ́tà tí omi dúdú ń gbà kọjá bí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì.

“Ta ló ṣe èyí?”

Ìyá àgbà ní, “Èmi ni. Ó dọ̀tí tẹ́lẹ̀.”

Obìnrin náà jókòó sórí pákó. Kò pariwo, ó kàn dà bí ẹni tó rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé eèsún àti ewé àti ẹrẹ̀ yẹn ló máa ń dá omi dúró, tí omi fi ń ráyè sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ kó tó máa lọ. Ní báyìí tí ọ̀nà ti là fún un, ó ń sáré gbé ẹrù náà dé ẹnu páìpù. Ó wá gbé ojú sókè wo ìyá àgbà.

“Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀, màmá. Mo ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnì kan lè fọ̀ ọ́.”

Ìyá àgbà wo omi náà. Ó wá ní, “Ọpọ́n rírẹ ni.”

Kò yé ẹnikẹ́ni.

“Ọpọ́n àkọ́kọ́. Mo ti gbá ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ rí torí pé ó rò ó. Ó ṣú, ó ń rùn, mo sì mọ̀ pé tí kò bá ṣú, ọpọ́n kẹta ò lè mọ́. Mo wá dé ibi tó jẹ́ ọpọ́n rírẹ gbogbo ìlú, mo dà á nù.”

Àbúrò rẹ̀ ti dé nígbà yẹn, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gbogbo ayé ló ń ṣàdúrà pé ojú oró ní í lékè omi. Ẹ̀yin lẹ wá kó o sórí ilẹ̀.”

“Ṣebí ìwọ lo kan pákó ẹ̀.”

“Ẹ̀yin lẹ bẹ̀ mí.”

“Ó dáa. Lọ mú òòlù ẹ wá.”

Ṣùgbọ́n gọ́tà kọ́ ló le jù nínú ọ̀ràn náà. Omi dúdú yẹn ti wọ gbogbo ilé. Àwọn tó ti ń kùn tẹ́lẹ̀ wá rí ẹnu sọ̀rọ̀. Wọ́n ní wọ́n ti kó owó àwọn sínú ẹrẹ̀, pé àwọn kò ní san àfikún mọ́, kí wọ́n dá àwọn oníbíríkì padà kí wọ́n sì lọ ra ẹ̀rọ asẹ́. Wọ́n tún pe ìpàdé. Ní alẹ́ tó ṣáájú ìpàdé náà, Oníbàtà Rọ́bà wá sílé wa. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó ní òun á sọ fún wọn pé àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀ lójú iṣẹ́, òun kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí òun ti gbọ́ nípa aṣọ ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àlejò náà lọ tán, ìyá àgbà ní bí wọ́n bá béèrè àṣìṣe ta ni, tí ọmọ yẹn sì dákẹ́, orí ọmọ náà ni wọ́n máa dà á lé, wọ́n á sì pa ọmọ náà àti àbàtà tì pa pọ̀.

Gbọ̀ngàn kún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà wà níbẹ̀, ó jókòó sí ìlà kejì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ìyá àgbà rí i. Mo mọ̀ pé ó rí i, nítorí ó tún ìró rẹ̀ tò. Nígbà tí ọkùnrin tó ń ta fóònù sọ pé àbàtà ti já gbogbo wa kulẹ̀, ìyá àgbà dìde.

Ó ní, “Àbàtà ò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀. Èmi ni mo gé e. Èmi àti àwọn èèyàn mi la wa gọ́tà sínú ẹ̀, torí pé ojú mi ò gba ìdọ̀tí. Ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ rí lẹ́nu ẹ̀rọ, òun ni àbàtà máa ń gbà dúró fún wa látọjọ́ yìí tá ò mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bínú, èmi rèé. Ẹ máa san owó yẹn.”

Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní, “Fínnífínní, ẹ̀yin?” Kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó jọ pé ó yà á lẹ́nu ni.

Ìyá àgbà ní, “Èmi náà ni.”

Ó jókòó. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, wọ́n sì gbà níkẹyìn láti máa san owó náà, kí wọ́n fún àbàtà ní àyè kan sí i. Nígbà tí a jáde, nọ́ọ̀sì àgbà dúró dè wá lábẹ́ òrùlé. Ó di ọwọ́ ìyá àgbà mú. Ó sọ fún un pé òun lè sọ fún àwọn ọ̀gá òun pé òjò ló pọ̀ jù lọ́dún yìí, wọ́n sì lè gbà. Ìyá àgbà ní òjò kọ́. Nọ́ọ̀sì àgbà mi orí. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ilé ìfọṣọ ẹlẹ́rọ wá kó àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì kúrò nílé wa, àwọn tó ti mọ́ àti àwọn tí kò tíì mọ́.

Nǹkan le fún wa ní ọdún yẹn, mi ò ní sọ pé kò le. Aṣọ iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì ni ìyá àgbà ń gbà fọ̀, nítorí wọn kì í bi omi léèrè. Gírísì dé etí ọpọ́n kẹta. Àbúrò rẹ̀ wá wò ó, ó ní òun kò mọ̀ pé òun á dàgbà tó láti rí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun á di ọ̀gá mẹkáníìkì, ó wá béèrè bóyá ó lè bá òun wo ẹ̀ńjìnnì kan. Ìyá àgbà ju ọṣẹ lù ú. Nígbà tí ìwé mi fẹ́ dá dúró, ó ta ọ̀kan nínú àwọn áyọ́ọ̀nù rẹ̀.

Síbẹ̀ kò pa àbàtà tì. Wọ́n tú pákó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, àbúrò rẹ̀ sì kàn wọ́n dábùú rẹ̀ ní ibi púpọ̀, kí omi má lè sáré mọ́. Wọ́n ṣa gbòǹgbò eèsún tí kò tíì kú láti inú òkìtì, wọ́n tún wọn rì bọ ẹrẹ̀. Ojú oró kò dúró de ẹnikẹ́ni, òun fúnra rẹ̀ ló padà. Ohun tó ṣòro jù fún ìyá àgbà ni kó má ṣe nǹkan kan mọ́. Ó máa ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á dúró létí omi, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, á di ọwọ́ kan mú pẹ̀lú èkejì bí ẹni tó mú olè. Nígbà kan, ewé ńlá kan tó ti jẹrà léfòó wá síwájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó nawọ́ sí i, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì dìde láìmú un. Lójú ọ̀nà ilé, ó ní ewé yẹn ṣì wà lójú òun.

Ẹ̀ẹ̀rùn kọjá. Lórí òkè, àwọn igi tí wọ́n gbìn ti ga dé èjìká mi ní àwọn ibì kan, wọ́n sì ti kú ní àwọn ibòmíràn, Oníbàtà Rọ́bà sì ń tún wọn gbìn. Òjò kò tíì dé nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà tún wá sílé wa. Ó gbé ẹrù kékeré kan lọ́wọ́. Aṣọ àwọn ọmọ tuntun ló wà nínú rẹ̀, àwọn aṣọ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wé ọmọ ní wákàtí tí wọ́n bá bí i. Ó ní aṣọ bẹ́ẹ̀dì ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́rọ, àdéhùn ti wà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń pinnu ẹni tó ń fọ ti àwọn ọmọ. Ti àwọn ẹlẹ́rọ máa ń gan, ó sì ń ha ọmọ lára.

Ìyá àgbà kò fọwọ́ kan ẹrù náà. Ó ní, “Gbé e sórí tábìlì. Jẹ́ kí òjò rọ̀ ná. Tí ìnujú bá pọ́n, màá dá a padà fún ẹ láìfọ̀ ọ́.”

Ẹrù náà wà lórí tábìlì áyọ́ọ̀nù. Kò sí ẹni tó ń gbé nǹkan lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀ níkẹyìn, ọ̀sán ló bẹ̀rẹ̀, kò sì dá títí a fi sùn. Mo gbọ́ tí ìyá àgbà ń yí lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ní àárọ̀, àbúrò rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà kó tó so ìnujú mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ó ní òun wá gba ìṣó tí òun gbàgbé. Kò sí ìṣó kankan nílé wa. Ìyá àgbà jẹ́ kí omi ṣàn pẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, títí garawa fi kún tó ń dànù. Ó tì í. Ó tú ìnujú náà, ó tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì yí ara rẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Kò funfun tán. Etí rẹ̀ pọ́n díẹ̀, bí etí ìwé tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n àárín rẹ̀, níbi tí omi ti gbà kọjá, a lè rí ìlà ọwọ́ rẹ̀ nínú rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ béèrè pé, “Ṣé ó ti jí?”

Ìyá àgbà ní, “Ó ń la ojú.”

Ó gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ, ó sì jókòó. A bá a dúró. Nígbà tí oòrùn yọ dé orí okùn ìsáṣọ, ó tún so ìnujú mìíràn, ó tún tú u, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó fọ ọpọ́n àkọ́kọ́, ó jẹ́ kí omi kún inú rẹ̀, ó da ọṣẹ sí i, ó sì ní kí n lọ gbé aṣọ àwọn ọmọ wá.